Bí Àwọn Ẹlẹ́dẹ̀ Marine Beach Ṣe Júbà fún Akínsànyà

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, àgàgà níbi tó ti jọ irọ́ jù. Ibẹ̀ gan-an ló ti jẹ́ òótọ́ jù. Ẹni tí kò bá gbà, kó wọ bàtà rẹ̀, kó lọ sí etí omi ní Marine Beach, kó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti hu ewú pé kí ni àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ṣe fún Akínsànyà. Bí onítọ̀hún ò bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, kí ẹ fi ìwé yìí dáná ọbẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Àwọn awakọ̀ tírélà Málù Road ṣì máa ń gbàgbé, ìgbà tí iná mọ́tò ẹlòmíràn bá wọ̀ wọ́n lójú tán ni wọ́n tó ń rántí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà, ni ìjọba háyà yàrá méjì sí fún ọ́fíìsì ìlera ẹran ọ̀sìn. Ibẹ̀ ni Akínsànyà jókòó sí.

Ìjọba ò pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ohun ńlá kankan. Kó máa rìn káàkiri àgbàlá àwọn olówò ẹlẹ́dẹ̀ ni, kó wo èyí tó ń wúkọ́, èyí tí ara ń yún, èyí tó ń ṣu gbuuru, èyí tó kọ oúnjẹ, kó sì tètè fi tó Ìkejà létí kí àrùn tó ràn. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, iṣẹ́ ẹrọ̀fọ̀ ni. Akínsànyà wo bàtà rẹ̀, ó wo ẹrọ̀fọ̀, ó rí i pé àwọn méjèèjì ò lè ṣọ̀rẹ́. Ló bá fún ara rẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn. Ó pe àwọn tó ń kọ pátákó, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Alábòójútó Àgbà fún Ìlera, Ìwà àti Ìgbé-ayé Àwọn Ẹlẹ́dẹ̀ Apápá, Ajégúnlẹ̀, Àmúkòkò àti Gbogbo Etí Omi Tó Bá Wọn Pààlà. Pátákó ò gbà á tán. Ó parí sí TO BA WON PA, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gun àtẹ̀gùn wá láti béèrè bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀ tà.

Ó ní àga kan. Ara ọkọ̀ òkun tí wọ́n tú palẹ̀ ní wáàfù Apápá ni wọ́n ti yọ ọ́, àga ọ̀gá ọkọ̀, àga tó ń yí. Bí ẹ bá ń bá Akínsànyà sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ yín ò dùn mọ́ ọn, àga á yí, ẹ̀yìn àga lẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ lọ títí tí inú rẹ̀ á fi rọ̀.

Ẹ má rò pé kì í lọ wo àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rárá. Ó ń lọ. Inú mọ́tò ló ń jókòó sí, á yí gíláàsì sókè, á gbé awò tí àwọn atukọ̀ fi ń wo òkun sójú, á ní kí mọ́tò máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Òfin tó ṣe ni pé bí òun bá ń kọjá, kí gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ wà ní ìdúró. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbọ́ fèrè mọ́tò rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ní Ajégúnlẹ̀ á mú igi, wọ́n á máa gún ẹlẹ́dẹ̀ ní ìhà kó lè dìde. Èyí tí ara rẹ̀ le á dìde. Èyí tó ń kú lọ náà á dìde. Akínsànyà á mi orí, á sọ fún Bàdírù akọ̀wé rẹ̀ pé kò sí àrùn.

Bàdírù yìí, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Ó ti bẹ̀bẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀sìn òun ò jẹ́ kí òun súnmọ́ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì gbà fún un. Akínsànyà náà ò súnmọ́ wọn, òun ò tilẹ̀ ní ẹ̀sìn tó fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀.

Ohun tó sì mú kí Akínsànyà kórìíra àrùn tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan àṣírí. Àga ọ̀gá kan ṣófo ní Ìkejà. Wọ́n ní ẹni tí àrùn ò bá yọjú ní agbègbè rẹ̀ títí òjò ọdún yẹn fi máa dá ni wọ́n máa gbé e fún. Akínsànyà ti mọ ibi tí fèrèsé ọ́fíìsì yẹn kọjú sí. Ó ti ra kọ́tìnnì.

Àràárọ̀ Mọ́ńdè ni ọjọ́ ńlá. Gbogbo ẹni tó ní ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ péjọ sínú ọgbà lábẹ́ ọ́fíìsì, láàrin àwọn táyà. Akínsànyà á yọ sí bákónì pẹ̀lú kóòtù funfun àti ìbọ̀wọ́ funfun. Á ṣí àpótí kékeré kan tó bá nínú dúrọ́ọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, á yọ igi dígí tí wọ́n fi ń mọ bí ara ṣe gbóná tó, á kì í bọ abẹ́ ahọ́n, á pa ẹnu dé. Ìlú á dúró. Lẹ́yìn náà Bàdírù á gbà á, á gbé e sókè sí oòrùn, á kéde pé, "Ara ìjọba dá ṣáṣá."

Ìgbà yẹn ni ìbà tó máa bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló ń ṣọ́ ẹlẹ́dẹ̀ Apápá?" ni Bàdírù á ké.

"Ìjọba ni," ni wọ́n á dáhùn.

"Ta ni ìjọba rán wá?"

"Akínsànyà ni."

"Ẹ júbà."

Wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á ní ìbà, ìbà, ìbà, títí ọrùn á fi máa dùn wọ́n. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, oòrùn á ti mú, ẹni tó wá sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ òun ń wúkọ́ á ti lọ síbi òwò rẹ̀.

Nwakaego nìkan ni kì í lọ. Obìnrin Ìbò kan ni, ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Mọ́ńdè kan, lẹ́yìn tí ìbà parí, ó gun òkè lọ bá Akínsànyà.

"Ọ̀gá, my pig no dey chop."

Àga yí. "Bàdírù, kí ni obìnrin yìí ń wí?"

"Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ òun ò jẹun, sà."

"Èdè wo ló fi sọ ọ́?"

"Pijin ni, sà."

"Ṣé gáréèjì ni mo jókòó sí ni? Ṣé mo gbé agbọ̀n kọ́ra?" Ẹ̀yìn àga ló ń sọ gbogbo èyí. "Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ ròyìn àìsàn fún mi, kó fi gẹ̀ẹ́sì inú ìwé sọ ọ́, tàbí kó fi Yorùbá tó jinlẹ̀ sọ ọ́. Pijin ò gbọ́dọ̀ wọlé."

Nwakaego, tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí lọ, ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹlẹ́dẹ̀ náà ò mọ̀ pé Yorùbá ló yẹ kí òun fi ṣàìsàn."

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Aràn ló wà nínú ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ó wá oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó san. Òfin náà ló kù sílẹ̀, òun ló sì fa gbogbo ohun tó kù.

Nítorí Ebikabowei wà ní Marine Beach. Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ ni, apẹja ni tẹ́lẹ̀, kí ọkọ̀ tó ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá wọ wáàfù tó fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ó bá yí sí ẹlẹ́dẹ̀ sísìn. Abo ńlá kan tó ń jẹ́ Sísí ni ìyá gbogbo àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, ó sì tún ti lóyún. Ebikabowei máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́: bí Sísí bá kú, òun máa padà sílé àna òun lọ́wọ́ òfo, òun ò sì mọ ojú tí òun máa fi wò wọ́n. Pijin rẹ̀ dán bíi dígí. Ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi ló ti ṣa Yorùbá rẹ̀ jọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ kó dúró.

Ẹ tẹ́tí o. Ìbà, ohun tí wọ́n ń fún Akínsànyà ní gbogbo Mọ́ńdè nìyẹn. Ibà, ara gbígbóná nìyẹn. Ohùn kékeré kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ló yà wọ́n. Ẹni tí wọ́n bí sínú èdè yìí ò lè ṣì í, àfi tí ó bá wù ú kó ṣì í.

Òwúrọ̀ Wẹ́sìdeè kan, Ebikabowei sáré gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wá. Sísí ò jẹun, etí rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ń jó bí àdògán. Mo ti bá a tún ohùn àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ yòókù ṣe kí ẹ lè kà á. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, na fever—"

Àga yí. "Yorùbá," ni ẹ̀yìn àga wí.

Ebikabowei mí kanlẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ náà. "Ọ̀gá, ìbà ni."

Àga dúró.

"Kí lo wí?"

"Ìbà, ọ̀gá. Ìbà ti dé sí Marine Beach."

Àga bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, díẹ̀díẹ̀, títí ojú Akínsànyà fi yọ. "Ọjọ́ Mọ́ńdè kọ́ la wà. Ta ló pàṣẹ rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó pàṣẹ, ọ̀gá. Ó kàn dé fúnra rẹ̀ ni."

"Fúnra rẹ̀. Bàdírù, o gbọ́. Àwọn wo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ni. Sísí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Láti àná ló ti dọ̀bálẹ̀."

"Ẹlẹ́dẹ̀ dọ̀bálẹ̀."

"Gbalaja, ọ̀gá. Ó na ẹsẹ̀, ó fi imú kanlẹ̀. Mo ní kó dìde, kò dìde. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ń dà lójú wọn."

"Ẹkún ni," ni Akínsànyà sọ fún Bàdírù. "Ìgbà míì tí ọ̀wọ̀ bá pọ̀ jù, ó máa ń di ẹkún."

"Ọ̀gá, ìbà yìí lágbára. Bí ẹ ò bá tètè wá, gbogbo etí omi ló máa kárí."

"Á kárí," ni Akínsànyà wí, bí ẹni ń fa ọsàn mu.

Ẹ ó bi mí pé orí pípé wo ló máa gbà pé ẹlẹ́dẹ̀ ń júbà fún òun. Ẹ ò tíì bá ẹni tí wọ́n ti kí ju bó ṣe yẹ lọ pàdé ni. Kí ẹ sì tún rántí Ìkejà. Bó bá jẹ́ ibà, ó di dandan kó ròyìn rẹ̀, kọ́tìnnì á sì wà nínú pálí. Bó bá jẹ́ ìbà, ta ló tún kù tí wọ́n máa gbé àga fún ju ẹni tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ń wólẹ̀ fún? Ẹ sọ èyí tí ẹ rò pé etí rẹ̀ máa yàn nínú méjèèjì.

Bàdírù gbìyànjú, kí a má puró mọ́ ọn. "Ọ̀gá, bóyá ibà ló ní lọ́kàn, sà. Ara gbígbóná."

"Bàdírù, ṣé etí mi ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?"

"Ó ń gbọ́ ọ, sà."

"Kí ni mo gbọ́?"

Bàdírù wo ilẹ̀. "Ìbà, sà."

Akínsànyà kọjú sí Ebikabowei. "Padà lọ bá wọn. Sọ pé mo gbọ́. Kí wọ́n máa bá a lọ, kí wọ́n sì ṣe é dáadáa. Mò ń bọ̀."

Ebikabowei rò pé bóyá bí oògùn ìjọba ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, iṣẹ́ pọ̀ ní Málù Road ju bó ṣe rí rí lọ. Akínsànyà ní kí wọ́n kun gbogbo ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Marine Beach ní funfun. Ó háyà àtíbàbà. Ó wá àwọn onífèrè ìjọ kan ní Àmúkòkò, ó ní kí wọ́n wá orin tí kò yára jù, torí pé ẹlẹ́dẹ̀ tó ń júbà ò ní fẹ́ ariwo. Kò tíì sọ fún Ìkejà o. Ẹ̀rù ń bà á kí ẹlòmíràn má lọ sọ pé òun ló kọ́ wọn.

Ó wá rò ó pé ìbà ẹlẹ́dẹ̀ ẹnì kan kéré. Ó rán Bàdírù sí gbogbo Ajégúnlẹ̀ àti Àmúkòkò pé kí oníkálukú kó ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ sí ọgbà Ebikabowei, kí àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe lè kọ́ ọ lára àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ gbà. Wọ́n da ẹlẹ́dẹ̀ wọn gba Málù Road, tírélà dúró, àwọn awakọ̀ bú wọn tìyá tìyá. Bàdírù dé ẹ̀yìn ilé Nwakaego, ó jìnnà sí ọgbà, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Màdáámù, ọ̀gá ní kí ẹ kó àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yín lọ sí Marine Beach."

"Kí wọ́n lọ ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kí wọ́n lọ kọ́ ìbà."

Nwakaego gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì oúnjẹ sílẹ̀. "Bàdírù, wò mí lójú. Ìbà ni àbí ibà?"

"Ọ̀gá ní ìbà ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́ yìí, màdáámù."

Nwakaego rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó mú wáyà, ó fi so ilẹ̀kùn ọgbà rẹ̀. Ó da omi oògùn apakòkòrò sínú báfù, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹsẹ̀ kan Marine Beach, bó jẹ́ ọmọ ìyá òun, kò gbọ́dọ̀ kọjá láì fọ ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. "Sọ fún ọ̀gá rẹ pé àwọn tèmi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá wọn ò kọ́ wọn. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n máa dójú ti ìjọba."

Bàdírù jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe gbà á. Akínsànyà gbà pé obìnrin náà ní òye.

Ebikabowei padà wá. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ọ̀gá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Sísí ti kú."

"Kí ló pa á?"

"Ìbà náà ni."

Akínsànyà dìde. Ó ṣí fìlà. "Ó júbà títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀," ni ó wí. "Èèyàn mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìjọba? Bàdírù, ìwọ lè ṣe é?"

"Mi ò rò pé mo lè ṣe é, sà."

"Ọ̀gá, Sísí ńkọ́?" ni Ebikabowei wí. "Oyún rẹ̀ ti wálẹ̀. Bó bá lọ, kò sí ohun tó kù fún mi mọ́. Kò sí ọkọ̀, kò sí ẹran. Ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀."

"Sísí ni màá kọ́kọ́ kí," ni Akínsànyà wí, ó sì gbé ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ sókè, bí bíṣọ́ọ̀bù.

Ó ku ọ̀la kí ayẹyẹ ìbà náà wáyé ni ó tó fi tẹlifóònù pe Ìkejà. Dókítà Sylvanus ló gbé e, ọ̀gá gbogbo àwọn dókítà ẹran. Ọmọ Mid-West ni, ilé ìwé ló ti kọ́ Yorùbá tó gbọ́. Ìbà àti ibà, ọ̀kan náà ni wọ́n létí tirẹ̀.

"Dókítà, sà, ìbà ńlá ti dé bá wa ní Apápá," ni Akínsànyà wí. "Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí."

"Láàrin àwọn ẹlẹ́dẹ̀?"

"Àwọn gan-an, sà."

"Ó ti dé ibo?"

"Ó ti kárí etí omi, sà, ó sì ń tàn sí i. Mo ti ní kí wọ́n kó ti Ajégúnlẹ̀ àti ti Àmúkòkò wá sójú kan náà, kí gbogbo wọn lè ní in."

Wáyà dákẹ́.

"Ẹ ṣe kí ni?" ni dókítà wí.

"Mo kó gbogbo wọn pọ̀, sà."

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la."

Akínsànyà gbé tẹlifóònù sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. "Bàdírù, ó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu débi pé kò rí nǹkan sọ."

Ọjọ́ pé. Àtíbàbà ta. Àwọn onífèrè wọ aṣọ pupa. Inú ọgbà tí wọ́n kùn ní funfun, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sùn lọ bẹẹrẹ, ti Ebikabowei àti ti ẹlòmíràn, wọ́n fi imú kanlẹ̀, ìhà wọn ń lọ sókè sódò kíákíá. Akínsànyà wò wọ́n láti abẹ́ àtíbàbà. Kò tíì rí ìdọ̀bálẹ̀ tó pé tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ọkọ̀ Ìkejà dé. Dókítà Sylvanus sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó dé orúnkún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin tó gbé ṣọ́bìrì àti àpò ẹfun. Akínsànyà rò pé wọ́n fẹ́ fi ẹfun náà ṣe ilẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ó ní kí fèrè bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ síwájú.

"Ọ̀gá wa láti Ìkejà, ẹ̀yin èèyàn jàǹkàn, ẹ̀yin ará etí omi. Láyé, a ti gbọ́ pé èèyàn júbà fún èèyàn. A ti gbọ́ pé ọmọ ogun júbà fún ọ̀gágun. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àbójútó mi, ní agbègbè mi, lójú ayé mi—"

Dókítà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gun ọgbà kọjá, ó bẹ́ sínú ẹrọ̀fọ̀, ó kúnlẹ̀ ti Sísí. Ó gbé etí rẹ̀ sókè, ó wo inú rẹ̀. Ó yí ikùn rẹ̀, ó wo ibi tó pọ́n. Fèrè dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fun èyí tó tóbi jù ló dákẹ́ kẹ́yìn.

"Ta ló ni ẹran yìí?"

"Èmi ni, sà," ni Ebikabowei wí.

"Wetin do am?"

Ẹnu Ebikabowei ṣí bí ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀. "Na fever, Dókítà. Since last week I dey tell Oga."

"Wetin Oga talk?"

"He say make dem do am well-well."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ibi tí àwọn tó gbọ́ pijin dáadáa dúró sí. Akínsànyà gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, "fever", láìsí ohùn òkè, láìsí ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè rò pé nǹkan mìíràn ni. Síbẹ̀ ó gbé àgbọ̀n sókè. "Dókítà, ohun tí arákùnrin yìí ní lọ́kàn—"

"Ẹ ní igi dígí tí ẹ fi ń wo ara gbígbóná ní ọ́fíìsì yín. Ẹ jẹ́ kí n lò ó."

Bàdírù gbé àpótí kékeré náà wá, ó nà án lókèèrè. Dókítà ṣí i, ó yọ igi dígí náà, ó fi òróró pa á, ó gbé ìrù Sísí sókè, ó sì kì í bọ ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ ẹlẹ́dẹ̀ láti ọjọ́ tí ìjọba ti rà á.

Akínsànyà rí i. "Sà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fi í sí."

"Níbo ni ẹ̀yin ń fi í sí?"

Gbogbo Marine Beach dúró de ìdáhùn. Bàdírù ń wo òkun.

"Abẹ́ ahọ́n ìjọba ni," ni Nwakaego wí láti ìta. Ó dúró jìnnà gan-an, kò fẹ́ kó ẹrọ̀fọ̀ ibẹ̀ relé. "Mọ́ńdè, Mọ́ńdè."

Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ pàdánù ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Onífèrè kan jókòó sílẹ̀, ó gbé fèrè lé itan, kò lè dìde. Àwọn tó ń lọ nínú ọkọ̀ ojú omi yí ọkọ̀ padà wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Akínsànyà lọ sẹ́yìn àtíbàbà, ó bì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀gá Ìbà, tí wọ́n sì ń fa ohùn rẹ̀ sókè sódò bó ṣe wù wọ́n.

Ṣùgbọ́n dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ka igi dígí náà, ó mi orí. Ó ní kí àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, kí ẹran kankan má kúrò níbẹ̀, kí gbogbo èèyàn wẹ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ó ní bó bá ṣe pé òun gbọ́ ní Wẹ́sìdeè yẹn, ọgbà kan ṣoṣo ni òun ì bá tì. Ó wá pe Akínsànyà.

"Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn. Ẹ wá síbí."

Akínsànyà wọ ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Ilẹ̀ gbà á dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ẹ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn etí."

"Dókítà, mi ò—"

"Ẹ gbé e lé e."

Ó gbé e lé e. Gbogbo ọdún tó ti fi ń ṣọ́ ẹlẹ́dẹ̀ Apápá, èyí ni ẹlẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Sísí la ojú kan, ó wò ó, ó tún pa á dé. Ebikabowei kúnlẹ̀ ní apá kejì, ó ń fi ọwọ́ ra imú ẹran rẹ̀. Wọ́n sọ pé Akínsànyà gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀, pé dókítà ti lọ sí ọ̀dọ̀ ẹran mìíràn, pé àwọn èèyàn ti ń ká àtíbàbà, tí ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ mọ́ yẹn ṣì wà lẹ́yìn etí Sísí títí ẹran náà fi kú.

Gbogbo ẹran tó wà nínú ọgbà yẹn ni wọ́n sin, wọ́n sì da ẹfun lé wọn lórí. Ti Nwakaego nìkan ló yè, àwọn tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ebikabowei di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé àna rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó sọ fún wọn nígbà tó débẹ̀.

Wọ́n pe Akínsànyà sí Ìkejà kó wá wí tẹnu rẹ̀. Bàdírù ti bá a kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ, ó gùn, ó kún fún ìfọkànsìn àti ìgbà tó le. Àwọn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì. Fèrèsé wà lẹ́yìn wọn, kò ní kọ́tìnnì. Akínsànyà tú ìwé náà, ó wò ó, ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ bọ àpò.

"Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà," ni ẹni tó wà láàrin wí, "kí lẹ rí ní Marine Beach?"

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ó gbóná," ni ó wí.

"Kí ló gbóná?"

Akínsànyà mú fìlà rẹ̀, ó jáde, wọn ò sì rí i lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ́. Ọkùnrin tó lè fi odindi àárọ̀ kí ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ó gbóná.